Nọ́ọ̀tì Inú Agolo Bọ́tìnì

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Èmi ni mo tú ìbòrí ayùn náà. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó kọ nǹkan mìíràn, torí láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn irin ti já lé mi lọ́wọ́, òun nìkan ló ń pààrà ọkàn mi.

Fọ́máànù ni mí nígbà náà, nílé ìlagi. Ìtì igi kan dé tó sanra ju ibi tí ìbòrí lè gbà lọ. Ọ̀gá ń pariwo pé ọkọ̀ tó fẹ́ kó pákó ti dúró síta. Mo mú sípánà, mo tú ìbòrí irin tó bo eyín ayùn, mo kó nọ́ọ̀tì irin tí wọ́n fi dè é sápò. Bí a ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn — ẹni tó bá tú ìbòrí, òun ni yóò máa gbé nọ́ọ̀tì rẹ̀ kiri nínú àpò ara rẹ̀ títí yóò fi dè é padà. Bí wọ́n bá bá ayùn níhòòhò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn yóò béèrè: "Ọwọ́ ta ni nọ́ọ̀tì wà?" Ẹni náà ló lẹ́bi.

A la ìtì igi yẹn tán. Ebi ń pa mí. Ẹni tó kàn láti bọ́ sídìí ẹ̀rọ ni Asúfèé — orúkọ tí a fún un nìyẹn, torí kì í yéé súfèé bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Fọ́máànù, ìbòrí ńkọ́?" Mo ní, "Máa là á lọ, mò ń bọ̀ wá dè é." Mo lọ jẹun. Ayùn gé gbogbo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ku àtàǹpàkò.

Nígbà tí ọ̀gá pè wá jọ, mo ní Asúfèé fúnra rẹ̀ ló tú u. Wọ́n tú àpò rẹ̀ wò, wọn ò bá nọ́ọ̀tì níbẹ̀. Wọ́n ní yóò ti bọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú igi. Wọ́n ní aláìbìkítà ni, wọ́n lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ mi wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mò ń fi ìka kan àwọn nọ́ọ̀tì náà.

Mi ò jù wọ́n nù. Wọ́n wà nínú agolo tí ìyá àwọn ọmọ mi, olóògbé, ń kó bọ́tìnì sí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé irin kí nìyí. Mo ní nǹkan ibi iṣẹ́ ni.

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ gbogbo èyí. Ó rí bí ìgbà tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹ yíǹkì.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Ọwọ́ wá rọ̀ mí díẹ̀. Kí n kọ tèmi náà.

Gílóòbù iná ni mo lọ rà. Ilé ìtajà ńlá tó wà ní ìkòríta, èyí tí ilẹ̀kùn irin rẹ̀ máa ń ká lọ sókè. Wọn ò tíì ká a tán. Mo gbọ́ ọ létí ara mi tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sọ fún máníjà pé, "Ọ̀gá, sípíríǹgì ilẹ̀kùn yìí ti já láti àná o, ẹ jẹ́ ká tì í pa." Máníjà ní kó fi í sílẹ̀, oníbàárà ti ń dúró. Mo fọwọ́ gbá férémù mú kí n lè gbẹ́sẹ̀ kọjá — ilẹ̀kùn já bọ́. Ọwọ́ ọ̀tún.

Ohun tí máníjà wá ń sọ káàkiri: "Bàbá yẹn ló fa ilẹ̀kùn lé ara ẹ̀ lórí." Èmi! Èmi tí apá mi ò tó ibi tí wọ́n ti ń fà á!

Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Mo wojú rẹ̀. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Dókítà ní egungun náà ti fọ́ káàkiri, pé wọn yóò ní láti là á, àti pé tí a bá fi falẹ̀, ìka ò ní ká mọ́. Ilé ìtajà ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Lọ́yà ni mo nílò, kíá.

Ọmọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Ọ̀gá Ńlá nínú ìwé yìí (kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ), ní kí n lọ bá Lọ́yà Òkè. Ó ní gbogbo ẹni tó bá fara pa ládùúgbò yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, pé kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni títí ẹjọ́ yóò fi yanjú. Mo ní mi ò fẹ́ràn kí obìnrin máa bá mi rojọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ní inú ń run òun láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Irọ́ ni mo pa. Ọmọ Asúfèé ni Lọ́yà Òkè. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé tìtorí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ṣe lọ kọ́ òfin.

Lọ́yà ò tán nílùú. Màá rí ẹlòmíràn.


Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Mo pe Lọ́yà Rédíò. Òun ló máa ń pariwo láàárín ìròyìn — "Ṣé wọ́n ṣe ọ́ léṣe? Má sunkún, pè wá!" Mo pè. Orin ni. Orin ṣáá. Mo jẹun àárọ̀ tán lórí orin yẹn.

Ọmọbìnrin kan gbé e níkẹyìn. Ó ní ṣé ọkọ̀ ni àbí alùpùpù. Mo ní ilẹ̀kùn ni. "Ilẹ̀kùn ọkọ̀, sà?" Mo ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, kò sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lórí kọ̀ǹpútà wa. Ṣé kí n kúkú fi yín sábẹ́ ọkọ̀?"

Mo ní kó má fi mí sábẹ́ ọkọ̀ kankan. Ọwọ́ mi nìkan ti tó.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Wọ́n tún pè mí padà. Wọ́n ní ẹ kú oríire sà, a ti gba ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ yín wọlé. Mo pa fóònù.


Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tirẹ̀. Ó ní gbajúmọ̀ ni, pé adájọ́ pàápàá máa ń dìde kí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, fáànù ń fẹ́ etí wọn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń wá òpó ààlà lára rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìtajà yẹn sí?" Mo ní mi ò mọ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Tá a bá yẹ ìwé ilẹ̀ wọn wò, tí ìwé yẹn ò sì dúró, a ó lé gbogbo wọn kúrò níbẹ̀!"

Mo ní mi ò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni kúrò níbì kankan, ọwọ́ mi ló fọ́. Ó ní òun gbọ́, òun gbọ́ — ṣùgbọ́n ọdún wo ni wọ́n ra ilẹ̀ yẹn?

Bá a ṣe jáde, àna mi bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń dá ọ̀gbẹ́ni náà lóhùn báyẹn. Ìtìjú ni mo ń kó bá òun, ó ní. Orí ń fọ́ mi ju ọwọ́ lọ.


Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo lọ dúró de ẹ̀ṣọ́ nígbà tó ń lọ sílé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ fún máníjà ni mo fẹ́ kí o tún sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wò yíká. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo lọ́mọ. Ìkókó ni. Tí mo bá lanu báyìí, lọ́la mi ò níṣẹ́."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. Mo pè é ní ojo. Mo pè é ní òpùrọ́. Mo ní ṣé ọmọ ìkókó ló ní kó fi ẹlòmíràn sínú ìyà? Àwọn tó ń kọjá dúró wò mí. Ó kàn ń ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ má bínú." Ó ń fà sẹ́yìn.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ọ̀rọ̀ náà tó gbá mi lẹ́yìn. Mo lọ́mọ. Ohun tí mo sọ fún ara mi gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú ọ̀gá. Ọ̀gá Ńlá ni ọmọ náà. Kò tíì lè jókòó nígbà yẹn.


Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Ọwọ́ ń ro mí gidi. Mi ò kọ nǹkan.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Lọ́yà mìíràn. Ọmọdé ni. Ẹlẹ́nu-dídùn. Ó wá bá mi nílé fúnra rẹ̀, mi ò mọ ẹni tó júwe mi fún un. Bàtà rẹ̀ ń dán ju dígí lọ. Ó pè mí ní "bàbá mi àtàtà" kó tó jókòó.

Ó ní ọwọ́ nìkan ò ní mú ẹjọ́ náà dùn. A ó sọ pé ilẹ̀kùn bà mí lẹ́yìn, pé mi ò lè rìn mọ́. Mo ní èmi ni mo rìn wá ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kẹ̀kẹ́ arọ wà lọ́dọ̀ òun, tí wọ́n á fi tì mí wọ kóòtù, pé àwọn kan ti lò ó tó bá wọn lára mu.

Ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun ní ẹlẹ́rìí. Mo ní àwọn wo, ẹ̀ṣọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn tèmi náà máa wà níbẹ̀, bàbá mi àtàtà. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn."

Mo lé e jáde. Mo sọ̀rọ̀ gígùn fún un lẹ́nu ọ̀nà, lórí òtítọ́, lórí orúkọ rere, lórí ohun tí bàbá rẹ̀ yóò sọ bó bá gbọ́. Ó dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò tíì parọ́ rí ni?"

Mo ti ilẹ̀kùn. Agolo bọ́tìnì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé e lọ sí yàrá kejì, kí n má bàa máa rí i.


Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà

Dókítà ń bínú. Ó ní kí la ṣì ń dúró dè. Ọ̀gá Ńlá ní lọ́yà là ń dúró dè, pé bàbá òun ń ṣa lọ́yà bí ẹni ṣa tòmátì. Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, Ọ̀gá Ńlá ní òun ti bá Lọ́yà Òkè sọ̀rọ̀, ó ti dá ọjọ́rú fún mi. Mo ní mi ò lọ. Ó tẹ bíréèkì. Ó ní, "Bàbá, kí ni obìnrin yẹn fi ṣe yín gan-an?"

Mo ní, "Kò fi nǹkan kan ṣe mí."

Òdodo nìyẹn. Mi ò tíì sọ irú rẹ̀ látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.


Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹfà

Mo lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ibi tó ti gba orúkọ. Àtẹ̀gùn tóóró. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi irin ìdìmú sí! Mo fẹ̀yìn ti ògiri gùn ún. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ti gbé ìbínú mi wá lódindi. Mo ní irú kí nìyí, lọ́yà àwọn tó fara pa, ó wá gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹyẹ. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Owó ilé ló dín níbí. Àmọ́ mo tún máa ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń gùn ún bọ̀. Kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ń purọ́ ẹsẹ̀."

Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Mi ò lè wò ó tààrà.

Ṣùgbọ́n — kí n sọ tòótọ́ — òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Ẹsẹ̀ wo ni mo kọ́kọ́ gbé? Níbo ni máníjà dúró sí? Báwo ni ilẹ̀kùn ṣe ga tó nígbà náà, àyà ni àbí orí? Ó ní kí n dìde, kí n na ọwọ́ òsì sókè dáadáa. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára ògiri níbi tí ìka mi dé. Ó ní òun ti lọ wọn ibi tí wọ́n ti ń fa ilẹ̀kùn náà kí n tó dé, pé ọwọ́ mi ò tó o, pé òun yóò ní kí wọ́n gbé ìwọ̀n ilà náà yẹ̀ wò nílé ẹjọ́. Ní ti ẹ̀ṣọ́, òun mọ bí a ṣe ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bíi pé ẹnì kan gba ẹrù lórí mi.

Ó wá ní ó ku ìbéèrè kan, tí òun máa ń bi gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn. "Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ayé yín, sà, tí lọ́yà tiwọn lè gbé jáde láti fi pè yín ní òpùrọ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí, kí n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Mo wo fèrèsé. Mo ní kò sí.

Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ lọ rò ó dáadáa, sà. Tí ẹ bá ti rò ó tán, ẹ padà wá."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Mo sọ fún bàbá mi pé ẹ̀ ń bọ̀ lónìí. Wọ́n ní kí n kí yín."


Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Inú ń bí mi sí ọmọ yẹn. Bó bá mọ̀, kí ló tún ń bi mí fún? Kí ló dé tí kò lé mi jáde? Kí ló dé tó ń pè mí ní sà, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì wọn apá mi bí ẹni wọn apá bàbá tó bí i?

Lẹ́yìn náà ni mo rò ó. Kí ló mọ̀? Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tèmi, tèmi ni gbogbo ìlú gbà gbọ́. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyókù wà.


Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹfà

Mo sọ fún Ọ̀gá Ńlá. Èékánná ló ń bá mi gé, torí mi ò lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gé e. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìtì igi. Kò gbójú sókè. Ó gé gbogbo rẹ̀ tán, ó gbá ẹyọ-ẹyọ rẹ̀ jọ sínú bébà.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà yẹn?"

Mo ní, "Ọmọ ọwọ́ ni ẹ́."

"Ẹ wá fi mí ṣe àwáwí."

Ó dìde, ó lọ da bébà náà nù, ó pẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe padà dé báyìí, ariwo ló gbé dé: "Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń lọ bá lọ́yà onílẹ̀! Torí ẹ̀ lẹ ṣe jẹ́ kí ọmọ oníbàtà-dídán yẹn jókòó sórí àga màmá mi! Bàbá! Ọwọ́ yín ń bàjẹ́ lọ, ẹ̀ ń sá fún ẹni kan ṣoṣo tó lè gbà yín!"

Mo ní mo mọ̀. Ó ní ẹ ò mọ nǹkan kan. Ó ní ọjọ́ Àìkú, òun ó wá gbé mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹfà

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ fún èébú ọjọ́sí. Ó rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá. Ó sá wọlé.


Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá Ńlá gbé mi dé ẹnu géètì Asúfèé, ó pa ọkọ̀. Ó ní, "Mi ò bá yín wọlé. Èyí, ẹ̀yin lẹ ni ín." Mo gbé agolo mọ́ abẹ́ apá.

Asúfèé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ òsì. Gbogbo nǹkan inú pálọ̀ yẹn ló dojú kọ ọwọ́ òsì: ìdìmú ilẹ̀kùn, kọ́ọ̀bù orí tábìlì, ṣíbí tó wà nínú rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ò ní okùn. Ó ti gbó, bíi tèmi. Ó ní, "Fọ́máànù. Ẹ jókòó." Látijọ́ yìí, ó ṣì ń pè mí ní fọ́máànù. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí àga kejì. Ó kí mi, ohùn rẹ̀ gbẹ.

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn gbé agolo síwájú rẹ̀, mo fẹ́ ṣí i. Kò ṣí. Ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà, ọwọ́ kan ò sì lè dì í mú kó tún yí i. Mo há a sáàárín orúnkún, ó yọ̀. Mo gbìyànjú, gbìyànjú. Òógùn bò mí. Asúfèé wò mí títí, ó wá na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó di ìdí agolo mú gírígírí. Èmi fi ọwọ́ òsì tèmi yí ìdérí. A jọ ń fà á. Ó já lójijì, bọ́tìnì sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Ó rí àwọn nọ́ọ̀tì náà kí n tó nawọ́ sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n láàárín bọ́tìnì, ọ̀kan, òmíràn, títí wọ́n fi pé. Ó ń yí wọn lójú àtẹ́lẹwọ́.

"Àpò wo ni?"

Mo ní àpò ṣòkòtò. Apá ọ̀tún.

"Nígbà tí wọ́n ń tú àpò tèmi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Lọ́yà, fi aṣọ yẹn sílẹ̀. Wá gbọ́." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ní èmi ni mo tú ìbòrí. Mo ní ó bi mí pé ìbòrí ńkọ́, èmi ni mo ní máa là á lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni nọ́ọ̀tì wà láti ọjọ́ náà.

Obìnrin náà jókòó. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tá a bá jà ni mo máa ń sọ ọ́ sí i. Pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gé ọwọ́ ara ẹ̀." Èmi kọ́ ló ń sọ ọ́ fún. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Asúfèé ní, "Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n sọ ọ́ títí mo fi gbà. Lójú oorun, èmi ni mo máa ń di sípánà mú. Mo máa ń wá nọ́ọ̀tì yìí nínú lẹ́búlẹ́bú igi, mi ò ní rí i." Ó tún yí wọn. "Mo rò pé orí mi ò pé mọ́ ni."

Mi ò ní kó dárí jì mí. Ẹnu mi ò gbà á. Òun náà ò dá a lábàá.

Lọ́yà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọ̀gá ìgbà náà ti kú, ilé ìlagi ti dàwátì, àsìkò tí òfin fi sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ti kọjá. Kò sí ohun tí bàbá òun lè rí gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ́ èmi yóò kọ ohun tí mo sọ yìí, màá búra lé e, màá fọwọ́ sí i. Mo ní màá kọ ọ́. Ó wá ní, "Mi ò sì lè gba ẹjọ́ yín mọ́, sà. Mi ò lè dúró fún yín kí n tún dúró fún bàbá mi." Ó ní òun yóò fi mí lé ọ̀rẹ́ òun kan lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀kùn àti gbogbo ohun tí òun ti ṣe. Ó mọṣẹ́ bíi tòun. "Ìsàlẹ̀ ni ọ́fíìsì tiẹ̀ wà."

Asúfèé bá mi ṣa gbogbo bọ́tìnì padà sínú agolo, ó dé e, ó gbé e fún mi. Ó ní ti ìyàwó mi nìyẹn, kí n má fi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ló kù sí i lọ́wọ́. Mo rò pé yóò kó wọn sápò. Ó gbé ọwọ́ dé ẹnu àpò, ó dúró, ó rò ó. Ó wá tò wọ́n sáàárín tábìlì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò ti rí wọn.